A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ilé Aṣòfin àti Àwọn Àkàndá Ẹ̀dá

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ilé tí a ti ń ṣe òfin. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí owó tí ìjọba yóò ná sórí ọ̀nà, omi, ilé ìwòsàn àti ilé ìwé. Àwọn tí a fi ìbò yàn ló ń jókòó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé náà kì í ṣe tiwọn nìkan. Ti gbogbo ará ìlú ni. Nígbà tí wọ́n bá pe ìpàdé ìtagbangba lórí àbá òfin kan, wọn a ní kí ẹnikẹ́ni wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Arọ dé ẹnu ọ̀nà, ó bá àtẹ̀gùn mẹ́wàá. Afọ́jú wọlé, wọ́n fi ìwé lé e lọ́wọ́, kò rí i kà. Adití jókòó láàárín èrò, ó ń wo ẹnu wọn, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sí ilé aṣòfin, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó rí ohun tó bá wá. Àwọn baba wa ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bí òfin bá kan ẹnì kan, tí olúwarẹ̀ kò sì lè dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, a ti ń fá orí rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn.

Ibo ni ẹrù ti wọ́?

Àwọn kan á ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò dá. Kí ni ilé fẹ́ ṣe sí i?" Ẹ rántí ọ̀rọ̀ amúkùn-ún. Wọ́n ní ẹrù orí rẹ̀ wọ́. Ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí rí. Ẹsẹ̀ arọ ni a ń wò, a kò wo àtẹ̀gùn. Ọwọ́ ènìyàn ló mọ àtẹ̀gùn náà, ọwọ́ ènìyàn sì lè tún un ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà tí wọ́n ń ní kí ẹ fi ìka tẹ ìwé tí ẹ kò lè kà, ṣé ẹ kò ní làákàyè ni? Ẹ ní in dáadáa. Kì í ṣe ọgbọ́n ni kò sí, ọ̀nà ni.

Ohun mẹ́ta tí ó yẹ kí a tún ṣe

Èkíní ni ilé fúnra rẹ̀. Kí wọ́n ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, kí àga onítáyà lè gbà á gòkè. Kò gbọdọ̀ dà jù. Bí àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Kí ẹnu ilẹ̀kùn fẹ̀ tó ínṣì 32, ó kéré tán. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní àyè tí àga náà lè yí sí. Bí ilé bá ní òkè, kí ó ní ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè.

Kì í ṣe ibi ìjókòó èrò ìwòran nìkan ni a ń sọ o. A lè fi ìbò yan arọ. James Langevin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní ọdún 2001. Ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí ibi àga olórí ilé ni ó tó lè débẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2010, ó darí ìjókòó ilé náà láti orí àga onítáyà rẹ̀. Kò tíì sí ẹni bẹ́ẹ̀ tó ṣe é rí níbẹ̀.

Èkejì ni ìwé. Àwọn afọ́jú tó kọ́ bíréèlì ń fi ìka ka ìwé. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì lè ka lẹ́tà ńlá. Kọ̀ǹpútà tún wà tí í ka ọ̀rọ̀ sókè fún afọ́jú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kàn ya fọ́tò ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán ni yóò wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà lè má rí ọ̀rọ̀ kankan kà. Ọ̀rọ̀ gan-an ni kí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Kí ìwé sì dé ọwọ́ ènìyàn ṣáájú ọjọ́ ìpàdé. Ti èdè náà wà níbẹ̀: òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì, bí ilé bá fẹnu kò lé e lórí.

Ẹ̀kẹta ni ìjókòó. Kí ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè adití dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí gbogbo ènìyàn lè rí ọwọ́ rẹ̀. Kí ó hàn nínú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú. Ẹ wo bí wọ́n ti ń dìbò nínú ilé: àwọn tó gbà a pariwo, àwọn tó kọ̀ a pariwo, olórí a lu òòlù. Bí ògbufọ̀ kò bá sí, báwo ni adití yóò ṣe mọ ìhà tó borí?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jack Ashley wọ ilé aṣòfin ní ọdún 1966. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1967, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí i létí, kò bọ́ sí i, etí rẹ̀ di pátápátá. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ènìyàn rọ̀ ọ́ pé kí ó dúró. Ó kọ́ bí a ti ń mọ ọ̀rọ̀ láti ètè ẹni tó ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ṣètò ẹ̀rọ fún un. Akọ̀wé kan ń gbọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, Ashley sì ń kà á níwájú rẹ̀. Ó wà nínú ilé náà títí di ọdún 1992.

Kí ni òfin wí?

Ní Nàìjíríà, òfin kan wà tí ó ní a kò gbọdọ̀ ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Òfin ọdún 2018 ni wọ́n ń pè é. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Ó fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún 5 láti tún ara ṣe. Ọdún 5 náà pé ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Òfin náà ní bí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí àwòrán ilé tí kò bá ìlànà mu, yóò san ó kéré tán ₦1,000,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí méjèèjì. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ láti ọdún 2011. Ní Uganda, láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ya àga 5 sọ́tọ̀ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá nínú ilé aṣòfin.

Ohun tí àwa lè ṣe

Òfin tí a kò lò, ìwé lásán ni. Òfin ọdún 2018 náà ní bí àkàndá ẹ̀dá kò bá rí ọ̀nà wọ ibi tó ní ẹ̀tọ́ láti wọ̀, kí ó fi tó àwọn aláṣẹ ibẹ̀ létí, kí àwọn náà sì tètè mú ìdènà kúrò. Ó tún lè gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí. Bí ará ilé tàbí aládùúgbò yín bá jẹ́ àkàndá ẹ̀dá, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè ohun tó dí i lọ́nà, kí ẹ sì bá a kọ lẹ́tà. Kò ní láti gùn. Báyìí ni kí ó lọ:

"Sí Akọ̀wé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Mo wá sí ìpàdé ìtagbangba yín. N kò lè wọlé nítorí àtẹ̀gùn nìkan ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síbẹ̀, kí ẹ sì fún mi lésì."

Kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ẹ má ṣe bá a sọ ohun tí kò sọ o. Orí rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ ni kí a ti fá a.