Ọta Tí Kì Í Fọ́ Lára Ẹran Ńlá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ìbọn bá ti lágbára, ó parí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọta ni ó ń pa ẹran. Òjé ni inú ọta ráífù tí ó wọ́pọ̀, bàbà ni èèpo rẹ̀. Bí ó bá ba eegun èjìká efọ̀n, èèpo lè bọ́, kí òjé sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹran náà yóò jẹ̀rora, ó sì lè padà wá pa ọdẹ.

Ní 1946, ọta John Nosler, ará Amẹ́ríkà, kùnà báyìí lára moose, àgbọ̀nrín ńlá ilẹ̀ Kánádà. Ó wá fi ògiri bàbà pín òjé inú ọta sí méjì. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn lẹ òjé mọ́ èèpo pátápátá. Èyí a máa fẹ̀ lára ẹran, ṣùgbọ́n kì í tú ká. Púpọ̀ nínú ìwọ̀n rẹ̀ ni yóò gbé wọlé.

Fún efọ̀n tàbí moose, ọta alẹ̀pọ̀ yìí ni mo yàn. Fún ẹtu, ọta lásán tó. Ṣùgbọ́n kí ọdẹ kọ́kọ́ fi ìbọn tirẹ̀ dán an wò, nítorí ọta tí ìbọn kan gbà, òmíràn lè kọ̀ ọ́.