Ìyípadà Lẹ́nu Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Láti Ojú Irin Ìfọ̀

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, èyí ni ó mú kí babaláwo máa dífá ní ọrọọrún. Òwe yìí bá ibi iṣẹ́ mu gẹ́gẹ́ bí ó ti bá ayé mu. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè wà títí láìyí ọ̀nà rẹ̀ padà. Irin-iṣẹ́ titun lè dé, òfin lè yí padà, ọ̀gá titun sì lè gba ipò. Ríra ẹ̀rọ titun kọ́ ni ó ṣòro, nítorí pé owó ni a fi ń ra ẹ̀rọ. Ohun tí ó ṣòro ni mímú àwọn òṣìṣẹ́ kúrò nínú ọ̀nà àtijọ́ bọ́ sínú ọ̀nà titun, tí iṣẹ́ kò fi ní bàjẹ́, tí ọkàn ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọgbẹ́ láìnídìí.

Ìlú Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ ibi tí a ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ojú irin ti gba ibẹ̀ kọjá fún ohun tí ó lé ní ọgọ́fà ọdún. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ojú irin náà láti Èkó. Ní oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ní Ìfọ̀ ni ẹ̀ka kan ti yà lẹ́yìn náà, tí ó gba Ìlaròó lọ sí Ìdogò. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni ojú irin yìí kò dúró sójú kan. Ní ọdún 1912, wọ́n so Rélùwéè Èkó pọ̀ mọ́ ti Òkè Ọya. Ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba ni títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1955, nígbà tí ó di àjọ tí ń bójú tó ara rẹ̀, èyí tí a ń pè ní Nigerian Railway Corporation.

Ẹ̀rọ èédú ni ó kọ́kọ́ ń fa ọkọ̀ ojú irin. Kí ọkọ̀ tó gbéra, wọn a dá iná sí ikùn ẹ̀rọ fún wákàtí púpọ̀, títí omi yóò fi hó, tí ooru rẹ̀ yóò sì ní agbára. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, adáná a máa fi ṣọ́bìrì ko èédú sínú iná, dírẹ́bà a sì máa ṣọ́ omi, nítorí pé bí omi bá gbẹ, ẹ̀rọ lè bú gbàmù. Láti àwọn ọdún 1950 lọ, ẹ̀rọ tí ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò ẹ̀rọ èédú díẹ̀díẹ̀. Èyí kò fẹ́ èédú, kò fẹ́ kí a dáná fún wákàtí púpọ̀, kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ máa dúró gba omi lójú ọ̀nà.

Ẹni tí ó ń wò láti òkèèrè yóò sọ pé ìrọ̀rùn dé. Ṣùgbọ́n kí ni adáná yóò máa ṣe bí kò bá sí iná mọ́? Ọgbọ́n tí ènìyàn fi ogún ọdún kọ́ lè di ohun tí a kò béèrè mọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn awakùsà èédú ní Enugu pàápàá, nítorí pé Rélùwéè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wọn pàtàkì. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ kan bá kọ ohun titun, kò yẹ kí a sáré pè é ní ọ̀lẹ tàbí òpè. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni ó ń rò, ó sì ń rò iyì rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́.

Ọ̀gá tí kò bá ro èyí yóò rí ìjàǹgbọ̀n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, Gómìnà McCallum pinnu láti yí wákàtí iṣẹ́ padà fún àwọn òṣìṣẹ́ P.W.D. ní Èkó, èyí tí í ṣe ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó títì àti ilé ìjọba. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò fara mọ́ ọn. Wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì di dandan kí ìjọba bá wọn dúnàá-dúrà. Ìjíròrò tí ó yẹ kí ó ṣáájú àṣẹ ni ó wá tẹ̀lé ìjà.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ adáná gan-an ni ó dá aáwọ̀ sílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè ní ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kò nílò adáná mọ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún 1963, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi òfin gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn onílàjà. Wọ́n gbà kí iṣẹ́ adáná dín kù, ṣùgbọ́n wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ má ṣe pàdánù ipò wọn. Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe ń parí lọ láìjẹ́ pé a ju arúgbó òṣìṣẹ́ sí ìta.

Síbẹ̀, jíjókòó sójú kan pẹ̀lú a máa pa ilé-iṣẹ́ lára. Ní ọdún 1978 ni wọ́n ṣí títì ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí ó gba Ìbafo àti Mowé kọjá. Ọ̀pọ̀ èrò àti ẹrù kọ ojú irin sílẹ̀, wọ́n ń gba orí títì. Ìjọba mú àwọn ògbóǹtagí wá láti ilẹ̀ Íńdíà láti ṣàkóso Rélùwéè, iṣẹ́ sì gbéra díẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n lọ ní ọdún 1982, ó tún rọ. Ìyípadà tí ó bá wà lọ́wọ́ àlejò nìkan kì í ta gbòǹgbò.

Kí ni ó yẹ kí a ṣe? Èkínní, kí ọ̀gá sọ ìdí ìyípadà kí ó tó dé, kí ó má ṣe jẹ́ pé àgbọ́sọ ni òṣìṣẹ́ yóò ti gbọ́. Èkejì, kí ó fetí sí wọn, nítorí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ mọ ohun tí ọ̀gá kò mọ̀. Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ wọn ní iṣẹ́ titun, kí a sì fún wọn ní àkókò láti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹrin, kí a pèsè fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí. Òṣìṣẹ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀: kí ó múra láti kẹ́kọ̀ọ́, kí ó má sì rò pé ohun tí òun mọ̀ lánàá ti tó fún ọ̀la.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ojú irin titun láàárín Èkó àti Ìbàdàn, tí ó ní ibùdókọ̀ ní Kájọlà àti Pápálantó. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,435. Ti àtijọ́ jẹ́ 1,067. Ọkọ̀ tí ń rìn lórí ọ̀kan kò lè rìn lórí èkejì. Irin kò lè fẹ ara rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ènìyàn lè kọ́ ohun titun, bí a bá fi sùúrù àti òtítọ́ mú un lọ́wọ́ kọjá.