Owó Orí Akẹ́kọ̀ọ́ Wa ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí bá àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà mu, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ owó orí.

Ọ̀nà méjì ni òfin owó orí ilẹ̀ náà pín àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú náà sí: olùgbé àti àlejò. Ẹni tó ti gba ìwé àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí, olùgbé ni. Ní ti àwọn yòókù, ọjọ́ ni ìjọba ń kà. Bí ènìyàn bá lo ó kéré tán ọjọ́ 31 níbẹ̀ lọ́dún náà, tí àròpọ̀ ọjọ́ rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta sì pé 183, ó di olùgbé. Gbogbo ọjọ́ tó lò lọ́dún yìí ni wọn yóò kà, àti ìdá kan nínú mẹ́ta ti èṣí, àti ìdá kan nínú mẹ́fà ti ọdún tó ṣáájú èṣí.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó fi físà F-1 tàbí J-1 wọlé, wọn kì í ka ọjọ́ rẹ̀ fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Bí ó ti wù kí ọjọ́ tó lò nínú ọdún kéré tó, odidi ọdún kan ni. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ní oṣù Ọ́gọ́ọ́sì 2022, àlejò ni títí dé òpin 2026. Ọdún 2027 ni kíka ọjọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Níbo wá ni wàhálà wà? Ìjọba Amẹ́ríkà máa ń ṣe ẹ̀dínwó owó orí fún ẹni tó bá san owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Èyí tí wọ́n ń pè ní American Opportunity lè tó dọ́là 2,500 lọ́dún, fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́. Ó tilẹ̀ lè mú tó dọ́là 1,000 bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ gbèsè owó orí kankan. Èkejì, Lifetime Learning, lè tó dọ́là 2,000.

Owó náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àlejò. Àfi àlejò tó bá fẹ́ ọmọ ìlú náà tàbí olùgbé, tí àwọn méjèèjì sì jọ yàn pé kí a kà á sí olùgbé. Yunifásítì lè fi ìwé 1098-T ránṣẹ́ sí ọmọ yín. Ẹ̀rí owó tó san ni, kì í ṣe àṣẹ láti gba ẹ̀dínwó. Bí ó bá kọ Fọ́ọ̀mù 1040 bíi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Amẹ́ríkà, owó tí kò tọ́ sí i ni yóò gbà. Yóò dá a padà pẹ̀lú èlé. Bí wọ́n bá rí i pé àìbìkítà ni, wọ́n lè dù ú ní ẹ̀dínwó náà fún ọdún 2. Bí ó bá jẹ́ èrú, ọdún 10. Ẹni tó bá ti ṣì í kọ, kí ó yára fi Fọ́ọ̀mù 1040-X tún un ṣe.

Fọ́ọ̀mù àlejò tó bá rí owó iṣẹ́ gbà ni 1040-NR. Ẹni tí kò rí kọ́bọ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ kọ 8843. Kí ó má sì wo ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ará Íńdíà kọ, nítorí àdéhùn owó orí wà láàárín Íńdíà àti Amẹ́ríkà; kò sí irú rẹ̀ fún Nàìjíríà.

Àlejò náà ní àǹfààní tirẹ̀. Wọn kì í yọ owó Social Security àti Medicare, ìdá 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú owó iṣẹ́ tí físà rẹ̀ gbà á láyè láti ṣe. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá yọ ọ́, kí ó béèrè rẹ̀ padà. Nígbà tó bá sì di olùgbé, ẹ̀dínwó ẹ̀kọ́ lè kàn án, ṣùgbọ́n yóò máa ròyìn gbogbo owó tó ń wọlé fún un lágbàáyé, títí kan owó ilé tó fi háyà n'Íbàdàn.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá tún bá ọmọ yín sọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè ọdún tó dé ibẹ̀ àti fọ́ọ̀mù tó kọ.