Sítọ́ọ̀ Aláṣọ Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ ká yà sí ìṣọ̀ aláṣọ kan ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn. Aṣọ kún orí káńtà, àmọ́ èyí tó wà nínú sítọ́ọ̀ lẹ́yìn ló pọ̀ jù, ìdì lórí ìdì, ó ga kan àjà. Oníbàárà kan dé, ó ń wá léèsì aláwọ̀ ewé. Ìyá tó ni ìṣọ̀ ní kí ọmọ ìṣọ̀ lọ gbé e wá. Bí ọmọ náà kò bá mọ ibi tó wà, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa tú ìdì wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kan ògiri ẹ̀yìn. Kó tó jáde, oníbàárà ti bọ́ sí ìṣọ̀ kejì.

Bí dátábéèsì ṣe ń falẹ̀ nìyẹn. Òun ni sítọ́ọ̀ tí báǹkì ń kó àkọsílẹ̀ owó wa sí, tí ilé ìwòsàn ń kó káàdì aláìsàn sí. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni PostgreSQL, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ tí Michael Stonebraker àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dáwọ́ lé ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley lọ́dún 1986. Tó bá ti ń lọ́ra, ohun tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Èmi ò gbà. Ẹ gba ọmọ ìṣọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti àkọ́kọ́, gbogbo ìdì náà ni òun náà máa tú.

Ìwé ni ìyá yẹn nílò, èyí tó tò gẹ́gẹ́ bí orúkọ aṣọ, tó sọ pé léèsì aláwọ̀ ewé wà ní pẹpẹ kẹta, ìdì kejì. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni atọ́ka. Èyí tí PostgreSQL ń lò jù ni B-tree, ọgbọ́n tí Rudolf Bayer àti Edward McCreight dá nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Boeing, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ojú ewé àkọ́kọ́ kì í sọ ibi tí aṣọ wà. Ó kàn ń sọ ojú ewé tí ẹ máa ṣí tẹ̀ lé e ni, ìyẹn náà á tọ́ka sí òmíràn. Bí àkọsílẹ̀ bá tó 1,000,000, ojú ewé 3 tàbí 4 ti tó láti débi tí ẹ ń lọ.

Ẹ má wá ní kí gbogbo nǹkan ní ìwé tirẹ̀ o. Bí ìyá bá ní ìwé àwọ̀, ìwé iye owó, ìwé orúkọ ẹni tó kó ọjà wá, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá já ẹrù, inú gbogbo ìwé yìí ni yóò ti kọ ìdì kọ̀ọ̀kan kó tó jókòó. Ohun tí oníbàárà ń bèèrè lemọ́lemọ́ nìkan ni kí ẹ ṣe atọ́ka fún. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ gbogbo aṣọ tí kì í ṣe dúdú, kí ni ìwé fẹ́ ṣe fún un? Kí ọmọ wọ sítọ́ọ̀ kó máa kó o ló yá. PostgreSQL mọ èyí. Ó máa ń ṣírò ohun tó wà nílẹ̀ kó tó yan ọ̀nà, nígbà mìíràn á sì fi atọ́ka yín sílẹ̀ láìwò. Àwọn kan máa ń bínú sí i. Lójú tèmi, òun ló sábà máa ń jàre, àfi bí iye tó fi ń ṣírò bá ti di ti àtijọ́. Àṣẹ ANALYZE ló ń mú kó tún ọjà yẹ̀ wò.

Ẹ lè bi PostgreSQL pé, "Ọ̀nà wo lo fẹ́ gbà?" EXPLAIN ni ìbéèrè yẹn. Bí ẹ bá kọ EXPLAIN ANALYZE, yóò lọ ní tòótọ́, yóò sì sọ àkókò tó lò níbi kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣọ́ra ṣá: bó bá jẹ́ DELETE lẹ kọ tẹ̀ lé e, yóò pa dátà yẹn rẹ́ ni o.

Ìwà kan tún wà lọ́wọ́ PostgreSQL tó ń ya àjèjì lẹ́nu. Bí owó aṣọ bá yí padà, kì í ha iye àtijọ́ kúrò. Ìdì tuntun ló ń gbé kalẹ̀ pẹ̀lú iye tuntun, á wá fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lórí pẹpẹ, torí oníbàárà kan ṣì lè wà nídìí rẹ̀ tó ń ná an lọ́wọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wò kì í dí ẹni tó ń yí i padà lọ́wọ́. Àmọ́ tí oníbàárà yẹn bá lọ tán, òkú ìdì ló kù. VACUUM ló ń gbá wọn. Láti ẹ̀dà 8.3, tó jáde lọ́dún 2008, ni agbálẹ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́ láìdúró kí ẹnikẹ́ni rán an. Àwọn kan máa ń pa á, wọ́n ní ó ń dá àwọn dúró. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń dí ọ̀nà sítọ́ọ̀.

Lẹ́yìn èyí la tó lè sọ̀rọ̀ káńtà, ìyẹn RAM, ibi tí ọwọ́ ti ń tètè tó aṣọ. 128 MB ni PostgreSQL sábà máa ń gbà fún shared_buffers, ìyẹn àyè tó yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ nínú RAM, bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Káńtà kékeré nìyẹn fún ìṣọ̀ ńlá. Lórí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ìdá kan nínú mẹ́rin RAM ni ìwé ìtọ́ni rẹ̀ ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bíi 4 GB nínú 16 GB.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó irú sítọ́ọ̀ yìí, ẹ fi pg_stat_statements síṣẹ́, ìyẹn ohun tó ń ṣàkọsílẹ̀ àkókò tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ẹ máa ní láti pa PostgreSQL kí ẹ sì tún un tan lẹ́ẹ̀kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ wo ìbéèrè tó ń jẹ àkókò jù, kí ẹ fi EXPLAIN bi í léèrè. Kí owó kọ̀ǹpútà tuntun ṣì wà lápò ná.