Orúkọ tí a fi pamọ́: adùn kan nínú ìtàn ìfẹ́ Faransé ayé àtijọ́

Ọ̀rọ̀ náà "roman" kò kọ́kọ́ túmọ̀ sí ìwé ìtàn nínú èdè Faransé. Èdè tí ará ìlú ń sọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Látìnì. Nígbà tó yá, ìtàn tí a fi èdè náà kọ gba orúkọ rẹ̀.

Ewì tí a ń kà sókè fún àwùjọ ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1180, Chrétien de Troyes kọ ọ̀kan nípa jagunjagun ẹlẹ́ṣin kan tó ń wá ayaba tí wọ́n jí gbé. "Ẹlẹ́ṣin inú kẹ̀kẹ́ ẹrù" ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ẹ̀gàn ni, nítorí ọ̀daràn ni wọ́n ń fi irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ gbé. Ìtàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì kí ayaba fúnra rẹ̀ tó pè é ní Lancelot. Adùn rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó torí rẹ̀ gba ẹ̀gàn ló fún un lórúkọ.

Nínú Yorùbá, "ó" kò ya akọ sọ́tọ̀ sí abo. Nítorí náà, ó lè wu olùtumọ̀ láti fi orúkọ là á yé ni. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú ayaba, ó ti ba ìtàn jẹ́.