Ṣé o mọ̀? Fíìmù ọ̀sẹ̀ méjì
Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni olùdarí fíìmù Robert Rodriguez fi ya *El Mariachi* ní Ciudad Acuña, lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Nǹkan bíi $7,000 ló ná an. Ó rí apá kan nínú owó náà nígbà tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún àyẹ̀wò oògùn tuntun. Kámẹ́rà kan tó yá ń pariwo, nítorí náà àwòrán nìkan ló ń yà. Lẹ́yìn náà làwọn òṣèré á tún ọ̀rọ̀ wọn sọ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n fi ń ti Rodriguez kiri kí àwòrán lè máa rìn geerege. Ọgbọ́n tó ga jù níbẹ̀ ni pé ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó, bí ajá àti bọ́ọ̀sì, ló fi hun ìtàn náà. Lọ́dún 1993, fíìmù yìí gba ẹ̀bùn àyànfẹ́ òǹwòran níbi àjọ̀dún fíìmù Sundance.