Bosnia: Ilẹ̀ Yúróòpù tí Mùsùlùmí fi díẹ̀ lé ní ìdajì

Tí wọ́n bá bi wá léèrè ibi tí Mùsùlùmí wà ní Yúróòpù, Jámánì, Faransé àti Ìlú Ọba ni ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tó rìnrìn àjò lọ ń gbé. Ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí kan wà ní Yúróòpù tí wọn kò ti ibì kankan wá. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n. Èdè ilẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ, awọ funfun ni wọ́n ní bíi ti àwọn aládùúgbò wọn, ó sì ti lé ní 500 ọdún tí ìpè ìrun ti ń dún ní ìlú wọn. Bosnia àti Herzegovina ni orílẹ̀-èdè wọn.

Ilẹ̀ náà kò tóbi, nǹkan bí 51,000 kìlómítà ni níbùú lóòró. Sarajevo ni olú-ìlú. Croatia wà ní àríwá àti ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Serbia àti Montenegro sì wà ní apá ìlà-oòrùn. Nínú ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ènìyàn 3,531,159 ni wọ́n kà. Àwọn tí wọ́n pe ara wọn ní Bosniak jẹ́ ìdá 50.11 nínú ọgọ́rùn-ún, Serb jẹ́ 30.78, Croat sì jẹ́ 15.43. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹ̀sìn, ìdá 50.70 ní Mùsùlùmí ni àwọn, 30.75 ní ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ni àwọn ń lọ, 15.19 sì ní Kátólíìkì ni àwọn.

Ẹ fi iye ẹ̀yà àti iye ẹ̀sìn wéra. Ẹ ó rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu pátápátá. Láàárín àwa Yorùbá, ọmọ ìyá kan náà lè jẹ́ Mùsùlùmí àti Kristẹni, kí àwọn méjèèjì sì máa jẹ́ Yorùbá. Ní Bosnia, ẹ̀sìn bàbá ẹni ni ó ń sọ ẹ̀yà tí ènìyàn jẹ́. Bosniak, Serb àti Croat lè jókòó sídìí tábìlì kan kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ láìnílò ògbufọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kálukú ní orúkọ tó ń pe èdè tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Bosniak ló ń kírun o. Ẹlòmíràn kò wọ mọ́sáláásí rí àfi ọjọ́ ọdún, síbẹ̀ Bosniak ni, torí Mùsùlùmí ni bàbá bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn Roma àti àwọn ará Albania kan wà níbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe Bosniak.

Báwo ni Islam ṣe dé ibẹ̀? Ní 1463, ìjọba Ottoman ti àwọn Túúkì gba Bosnia. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni àwọn ará ibẹ̀ gba ẹ̀sìn náà. Ìran dé ìran ni wọ́n ń wọlé, títí kan àwọn àgbẹ̀ ní ìgbèríko. Gómìnà kan tó ń jẹ́ Gazi Husrev-beg kọ́ mọ́sáláásí ńlá sí Sarajevo ní nǹkan bí 1531, ó sì dá ilé kéú sílẹ̀ ní 1537. Mọ́sáláásí náà àti ilé kéú yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ní ọ̀rúndún kan náà ni àwọn Júù tí wọ́n lé kúrò ní Sípéènì wá tẹ̀dó sí Sarajevo. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Hitler gba ìlú náà, Derviš Korkut, Mùsùlùmí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ọnà ibẹ̀, ni ó gbé ìwé mímọ́ àtijọ́ àwọn Júù Sarajevo pamọ́ fún wọn.

Ní 1878, Austria àti Hungary gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Ottoman. Láti 1882 ni àwọn Mùsùlùmí Bosnia ti ní olórí ẹ̀sìn tiwọn, Reis-ul-ulema ni wọ́n ń pè é, Sarajevo ló sì ń gbé. Gbogbo lémọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ ló ń jíyìn fún un. Ètò yìí wúni lórí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló wá le. Nígbà tí Bosnia wà lábẹ́ Yugoslavia, ìjọba kò kọ́kọ́ gbà pé àwọn Mùsùlùmí jẹ́ ẹ̀yà kan. Ní ìkànìyàn 1948, wọ́n ní kí wọ́n sọ bóyá Serb ni wọ́n tàbí Croat, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn kò tíì mọ èwo ni àwọn. Ìgbà tó di 1971 ni wọ́n tó lè kọ "Mùsùlùmí" gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹ̀yà láìsí àfikún kankan. Ní 1993, lágbedeméjì ogun, wọ́n fi orúkọ àtijọ́ náà, Bosniak, rọ́pò rẹ̀.

Ogun yẹn ni ó yí iye ènìyàn padà jù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 1992, ó sì parí ní òpin 1995. Nǹkan bí 100,000 ènìyàn ló kú, ó sì lé ní mílíọ̀nù méjì tí wọ́n sá kúrò nílé. Ní Srebrenica, ní oṣù keje 1995, àwọn ọmọ ogun Serb ti Bosnia pa ọkùnrin àti ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí tí wọ́n lé ní 8,000. Ilé-ẹjọ́ àgbáyé ti sọ ọ́ pé ìpẹ̀yàrun ni.

Ibí yìí ni àwọn kan ti máa ń ṣi ìṣirò kà. Ní 1991, ìdá 43.5 ni àwọn Mùsùlùmí nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2013, ó ti di 50.1. Wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, a ti ń pọ̀ sí i ní Yúróòpù!" Rárá o. Ní 1991, wọ́n jẹ́ 1,902,956. Ní 2013, Bosniak jẹ́ 1,769,592. Wọ́n fi ohun tó lé ní 130,000 dín kù. Ohun tó jẹ́ kí ìdá wọn gòkè ni pé àwọn yòókù dín kù jù wọ́n lọ: Serb fi nǹkan bí 279,000 dín, Croat fi nǹkan bí 216,000 dín. Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọmọ Yugoslavia, tí wọ́n lé ní 240,000 ní 1991, kò ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n lè fi orúkọ náà pè mọ́. Lápapọ̀, orílẹ̀-èdè náà pàdánù ènìyàn tó lé ní 845,000.

Ibi tí wọ́n ń gbé náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, abúlé Mùsùlùmí àti ti Serb máa ń wọnú ara wọn. Ní báyìí, apá ńlá méjì ni ilẹ̀ náà pín sí, yàtọ̀ sí agbègbè kékeré Brčko. Ní Federation, Bosniak jẹ́ ìdá 70, Croat jẹ́ 22. Ní Republika Srpska, Serb lé ní 81, Bosniak kò ju 14 lọ. Srebrenica wà ní apá yìí. Ní 1991, àgbègbè náà ní ènìyàn 36,666, mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn sì jẹ́ Mùsùlùmí. Ní 2013, 13,409 ni gbogbo wọn, àwọn Bosniak sì fi díẹ̀ lé ní ìdajì. Ní Banja Luka, tó wà ní Republika Srpska bákan náà, wọ́n wó mọ́sáláásí Ferhadija, tí wọ́n kọ́ ní 1579, lulẹ̀ ní 7 oṣù karùn-ún 1993. Ọjọ́ kan náà ní 2016 ni wọ́n tún un ṣí lẹ́yìn tí wọ́n tún un kọ́.

Ṣé bí Mùsùlùmí ti kọjá ìdajì, àwọn ló ń ṣe ìjọba? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àdéhùn Dayton tó parí ogun náà pín ipò Ààrẹ sí mẹ́ta: Bosniak kan, Croat kan, Serb kan, wọ́n sì ń gba ipò alága lọ́wọ́ ara wọn ní oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ. Federation ni ti Bosniak àti Croat ti ń wá, Republika Srpska ni ti Serb ti ń wá. Nítorí náà, Bosniak tó ń gbé ní Srebrenica kò lè díje, Serb tó ń gbé ní Sarajevo náà kò lè díje. Júù tàbí Roma kò lè díje níbikíbi. Dervo Sejdić, tó jẹ́ Roma, àti Jakob Finci, tó jẹ́ Júù, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg, wọ́n sì jàre ní oṣù kejìlá 2009. Òfin náà kò tíì yí padà títí di bí a ṣe ń sọ yìí.

Ẹ ó wá rí ìdí tí ìkànìyàn fi máa ń dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣáájú ti 2013, ìpolongo jáde káàkiri pé kí àwọn ènìyàn rántí kọ Bosniak, Islam àti èdè Bosnia sínú fọ́ọ̀mù, kí ìbò wọn má baà túká. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2016, ìjọba Republika Srpska kọ̀ ọ́. Wọ́n ní nǹkan bí 196,000 nínú àwọn tí wọ́n kà kì í gbé ibẹ̀ mọ́, kò yẹ kí wọ́n wà nínú iye náà. Jámánì, Austria àti Slovenia ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà wà. Ilé wọn ṣì wà ní abúlé, wọ́n á wá kun ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sì padà síbi iṣẹ́.